Ènì Wákàtí Mẹ́rin

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni Kòsídúró jẹ ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe kọ̀ndọ́ nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Tí a bá ṣírò ẹ̀ bí awakọ̀ ṣe ń ṣírò, owó ìrìn-àjò mẹ́tàdínlógún ni, kí ọkọ̀ kún dẹ́nu, kí èrò méjìdínlógún san mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó di ìgbà tí òun bá délé, kí a má sì tíì kan epo. Iṣẹ́ abẹ tí kò tó wákàtí kan ló gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba ojú ara rẹ̀ wọ inú àpò ìtọ̀, wọ́n fá ohun kan tó rí bí olú kékeré kúrò lára ògiri ibẹ̀, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, èsì sì dé pé jẹjẹrẹ ni.

Kọ̀ndọ́ àtijọ́ yìí ti di ẹni tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta, síbẹ̀ Ọ̀gá ló ṣì ń pe ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Lọ́jọ́ tó gbé owó náà wá sílé, ìwé ìròyìn ló fi wé e, ó sì rọra gbé e sórí tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Owó yín ló pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Owó mi báwo?"

"Ṣé ẹ rò pé gbogbo owó ọkọ̀ tí mo gbà lọ́dún mẹ́sàn-án ló dé ọwọ́ yín?"

"Mo mọ̀ pé ò ń jí i. Kí ló ṣe tí mo fi máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ ṣáà gbà pé mo ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni."

Kòsídúró rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́ ikùn fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó fọwọ́ sí i. Ó ní eré lọ́tọ̀, gbèsè lọ́tọ̀.

Àwọn èrò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wakọ̀ ní ọ̀nà kan náà, wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú láti gáréèjì dé gáréèjì, kò sì dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan nítorí ìtọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni pé ìdúró kan ń jẹ ogún ìṣẹ́jú: ẹni méjì á sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, ẹni mẹ́wàá á tẹ̀ lé wọn, ẹnìkan á lọ ra nǹkan, gbogbo ọkọ̀ á sì wá máa wá onítọ̀hún kiri. Tí èrò bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Kò sí dúró. Èmi tí mo jókòó síwájú yìí, ṣé irin ni wọ́n fi ṣe tèmi?" Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé irin ni. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ilé tó kọ́ yangàn ní gáréèjì ni òun ń fi àpò ìtọ̀ rẹ̀ yangàn.

Obìnrin ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, kò dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ sìgá ló kọ́kọ́ bi í.

"Mo ti fi sílẹ̀," ni Kòsídúró wí.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ìgbà tó ti wọ́n."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ láì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ mì díẹ̀. Ó wá là á yé e. Jẹjẹrẹ náà kò tíì wọ inú iṣan, ojú ògiri ló ṣì wà, ṣùgbọ́n irú tó máa ń padà wá ni. Oògùn tí wọ́n máa ń dà sínú àpò ìtọ̀ fún irú rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n, ilé ìwòsàn náà kò rí i rà láti ọdún tó kọjá. Ọ̀nà méjì ló kù. Wọ́n lè yọ àpò ìtọ̀ náà dànù, kí ó máa gbé àpò rọ́bà kan kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlá nìyẹn. Tàbí kí ó wọ inú ìdánwò oògùn tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn.

"Ọ̀fẹ́ báwo? Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ ó máa wá. Gbogbo ohun tí a bá ní kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an."

"Irú oògùn wo ni?"

Dókítà fa ìwé kan sún mọ́ra, ó ya àpò ìtọ̀ síbẹ̀. Ó ní ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi kì í yé ṣàn wọlé. Oògùn lásán tí wọ́n bá dà síbẹ̀, ìtọ̀ á ti fọ̀ ọ́ lọ kó tó ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi di tuntun yìí sínú àwọn ẹrù kéékèèké. "Ẹ mú ẹyọ irun orí kan, Bàbá, kí ẹ là á sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀n ẹrù kan nìyẹn. Nánò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wá fi ohun tó ń lẹ̀ pa á lára, kó lè di ògiri mú, kó máa tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi tí jẹjẹrẹ wà."

Kòsídúró wo àwòrán náà dáadáa. "Bọ́ọ̀sì ni, àbí? Oògùn ni èrò inú ẹ̀. Ohun tó ń lẹ̀ yẹn ni bíréèkì."

"Ó sún mọ́ ọn."

"Bọ́ọ̀sì mélòó ló wà nínú ife kan?"

"Kò ṣeé kà, Bàbá."

"Ẹni tó ni wọ́n á ti jẹ gbèsè."

Ó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Àwọn mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i lápapọ̀.

Inú ilé ìwòsàn ló ti gba ìkíní àti ìkejì. Nọ́ọ̀sì tó ń fi oògùn sí wọn lára kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mu omi láti òwúrọ̀. Á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ onítọ̀hún lójú ara, á da oògùn náà wọlé, omi funfun bí èyí tí wọ́n fi ṣan ife mílíìkì, á sì yọ rọ́bà. Lẹ́yìn náà, èèyàn á dùbúlẹ̀, á máa yí ara padà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, ikùn, kí oògùn lè kan ògiri gbogbo. Tó bá pé wákàtí méjì, kó lọ tọ̀.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìgbà kẹta tí jẹjẹrẹ tirẹ̀ ń padà wá nìyẹn. Tó bá ti di wákàtí kan, Tíṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlọ́po méje sókè, kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò níbi ìtọ̀. Kòsídúró á dùbúlẹ̀ tirẹ̀, á máa súfèé.

"Awakọ̀, ṣé o ò mọ̀ ọ́n lára rárá ni?" Tíṣà bi í.

"Wákàtí méjì? Ibi tí mo ti ń ra epo nìyẹn, Tíṣà. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí wọ́n máa gba oògùn náà kí wọ́n sì máa lọ sílé, kí kálukú máa kọ aago tó bá tọ̀ sínú ìwé kékeré tí wọ́n fún un. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Nọ́ọ̀sì ti ṣèèṣì sọ ọ́ jáde lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé ife oògùn náà kan kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rin lè rà.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n fi oògùn sí Kòsídúró lára. Ó wọkọ̀ lọ sílé, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yí ara padà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó sì ń ṣírò. Ẹgbẹ̀rin, ká tilẹ̀ fi í sí ẹgbẹ̀rin, ní wákàtí méjì: irinwó ni wákàtí kan ń jẹ. Kéèyàn wá dìde ní aago méjìlá, kó lọ da irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí ilé ìtọ̀? Tó bá fi dúró di wákàtí mẹ́fà, wákàtí kan kò ní jẹ ju mẹ́tàléláàádóje lọ. Ìlọ́po mẹ́ta ìwòsàn ní iye kan náà. Tíṣà kò lè ṣe é, àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n òun lè ṣe é láì ṣẹ́jú. Ó wò ó bí ènì tí ọlọ́jà fi síta tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bù.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé, ti gbé ọjà lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Nígbà tó di aago méjìlá, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti tọ̀. Aago mẹ́rin ló tó dìde.

Ní ọjọ́ kejì, ìtọ̀ ń ta á bí ata. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń lọ ilé ìtọ̀ nígbà mẹ́wàá láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Dókítà ti wáyà oníná wọlé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ògiri náà pọ́n yòò, ibòmíràn bó bí awọ tí omi gbígbóná jó. Dókítà ṣí ìwé kékeré náà, ó kà á, ó pa á dé. Ó yíjú sí Nọ́ọ̀sì. "Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lónìí," ló sọ. "Wákàtí méjì péré ló lò, ẹ wo ohun tó ṣe fún un. A gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹ̀ dúró títí a ó fi mọ̀ bóyá oògùn yìí ló le jù."

Tíṣà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje, kò tíì fi omi kan ẹnu. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ kó tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kó máa lọ, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n mu omi nígbà náà." Ó mu ife mẹ́ta léra léra, òun àti Kòsídúró sì jọ rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀.

"Títí ìgbà wo ni wọ́n máa dá a dúró?" Kòsídúró béèrè.

"Wọ́n ní ó lè tó oṣù mẹ́rin. Wọ́n lè ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì oògùn." Tíṣà ń wá owó ọkọ̀ nínú àpò. "Tèmi ò lè dúró de ìyẹn. Wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa yọ àpò ìtọ̀ mi, tí èyí ò bá ṣiṣẹ́. Mo ti lọ wo àpò rọ́bà yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò ní àwọ̀ tó bá aṣọ mi mu."

Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ. Kòsídúró dúró síbẹ̀, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì tó ń lọ sí àdúgbò rẹ̀ kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun nígbà tó délé. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun tó kù, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí irinwó títí dé aago mẹ́rin. Obìnrin náà kò dáwọ́ dúró.

"Bàbá wọn, ogójì ìṣẹ́jú ni búrẹ́dì ń lò nínú ààrò mi. Ṣé ẹ ti bá a níbẹ̀ fún wákàtí méjì rí, torí pé mo ti san owó igi?"

"Mo rò pé ó máa ṣiṣẹ́ sí i ni."

"Ẹ ò rò. Ẹ ṣírò. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Ìyá wọn, ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Tí wọ́n bá yọ mí, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni, mo sì ti jẹ mẹ́ta nílẹ̀. Ta ló máa gbà kí n gbé èrò méjìdínlógún pẹ̀lú àpò ìtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Méjìlá ni tiyín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ní mọ́kànlá lẹ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ara yín, mẹ́wàá ló kù, méjìlá méjìlá. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹnu rẹ̀ ti ṣírò ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà."

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìyẹ̀fun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kòsídúró ni wọ́n kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá Dókítà. Kò jókòó. Ó gbé ìwé kékeré náà sórí tábìlì, ó fi ìka sí aago méjìlá tó kọ síbẹ̀.

"Irọ́ nìyí," ó ní. "Aago mẹ́rin ni."

Nọ́ọ̀sì tó ń to ìgò yíjú padà. "Wákàtí mẹ́fà? Pẹ̀lú oògùn yẹn nínú?" Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó fẹ́ bínú tó tún fẹ́ kan sáárá sí èèyàn.

"Ẹ má yìn ín, Nọ́ọ̀sì," Dókítà wí. Ó yí sí Kòsídúró. "Bàbá, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ jẹ ènì oògùn ni."

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì bojú díẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó tún fa ìwé tó ya àpò ìtọ̀ sí lọ́jọ́sí jáde. "Àwọn bọ́ọ̀sì yín yìí, ẹ gbọ́. Láàárín wákàtí méjì, gbogbo èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ògiri ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lè tọ̀ nígbà yẹn, wọn ò ní tẹ̀ lé ìtọ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Èyí tó kù nínú omi ni kò ríbi dúró sí. Ìyẹn ò wo jẹjẹrẹ kankan. Ara yín tó yè ló ń jó."

Kòsídúró ro ó. "Ọkọ̀ tí kò ní èrò mọ́, tó ṣì ń yí gáréèjì po."

"Tó sì ń jó epo."

"Ẹ ò bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní."

"A ní wákàtí méjì, Bàbá. A ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà tó lè ṣe mẹ́fà."

Ó sọ fún un pé àwọn yòókù á máa bá oògùn wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ti Kòsídúró fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìdánwò náà ló máa sọ bóyá á dúró tàbí á lọ, òun kò sì lè ṣèlérí kankan.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìgbìmọ̀ fi jókòó lé e. Kòsídúró fọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́jọ náà, tó fi dé abẹ́ ìjókòó. Kọ̀ndọ́ àtijọ́ wá bá a níbẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó mú aṣọ ìnulẹ̀ kejì.

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá yọ yín, mo lè ta ọkọ̀ kan."

"Má tà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ẹ̀ á wá jẹ́. Níbo lo ti fẹ́ rí i gbà lọ́wọ́ mi?"

"Èmi ò sọ pé mo fẹ́ gbà á."

"Ìdí gan-an nìyẹn tí o kò fi ní ta ọkọ̀. Fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn."

Ìpè dé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Dókítà ní wọ́n ti fàyè gbà á láti máa gba oògùn, nítorí pé ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó mú un. Ó máa sinmi kó pé oṣù kan sí ọjọ́ tó gba ìkẹta, kí ògiri náà lè jinná. Wọ́n ti fagi lé ìkẹta, nítorí náà ó ku mẹ́rin. Inú ilé ìwòsàn ni á ti máa gba gbogbo ẹ̀. Àti pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ èsì ìdánwò náà, wọn ò ní ka tirẹ̀ mọ́ tàwọn yòókù.

"Ẹ máa tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kà mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ tọ́jú mi. Ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kà."

Nígbà tó padà débẹ̀, ìgbà ìkẹyìn Tíṣà ló bọ́ sí. Kòsídúró sọ ohun tó ṣe fún un, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Tíṣà gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Nílé ìwé, iwájú ni mo máa ń fi irú ẹ sí, kí n lè máa rí wọn."

"Ṣé inú ń bí yín?"

"Ọ̀sẹ̀ kan lo gbà lọ́wọ́ mi. Mo fi mu omi." Ó yí padà sí òsì, nítorí aago ti tó. "Bá mi ka ìlọ́po méje. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú."

Nọ́ọ̀sì gbé àga sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Kòsídúró, ó gbé aago kan lé itan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ti pé wákàtí méjì, á ní, "Ó tó, ẹ dìde," Kòsídúró á sì dìde, á kọjá lọ sí ilé ìtọ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ìgbà mẹ́rin yẹn jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ìkẹyìn, wọ́n tún ti wáyà oníná wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà yí ojú ẹ̀rọ náà sí i kí òun náà lè máa wò ó. Ògiri náà dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí inú ètè ọmọdé, iṣan pupa wẹ́wẹ́ là á kọjá. Dókítà yí iná yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì.

"Mi ò rí nǹkan kan lónìí," ni Dókítà wí.

"Ó ti tán nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò rí i. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká tún wò ó. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan."

Ó yà sí ilé Tíṣà kó tó lọ sílé. Wọ́n ti sọ ohun kan náà fún Tíṣà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ti pa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé.

Kòsídúró padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó parí oṣù àkọ́kọ́, ó yọ owó epo, owó táyà méjì àti owó oúnjẹ, ó sì kó ẹgbẹ̀ta lọ fún kọ̀ndọ́ àtijọ́ ní gáréèjì. Ó bá a níbi tó ti ń bá àwọn awakọ̀ rẹ̀ jà lórí ìwé epo.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù yẹn sílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ara yín ti yá, ó tán."

"Èló ló kù?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó. Ṣùgbọ́n mo ní..."

"Igba lóṣù," ni Kòsídúró wí. "Oṣù méjìlá. Mo fẹ́ kó gba oṣù méjìlá."

"Ẹ lè tètè san án jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá ní ẹ gbọ́dọ̀ san án."

"Mo mọ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n máa yẹ̀ mí wò láàárín oṣù méjìlá. Mo fẹ́ kí gbèsè kan wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí lẹ́yìn ìkẹrin."

Ọkùnrin náà fa ìwé epo náà sọ́dọ̀, ó ṣí ewé tó mọ́, ó kọ ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó sókè rẹ̀, ó kọ oṣù méjìlá sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bírò náà fún un kó fọwọ́ sí i.